Ṣé oore-ọ̀fẹ́ ni yóò tún ìwà mi ṣe, àbí èmi fúnra mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, àlùfáà wa. Télọ̀ ni mí l'Óṣogbo, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti di àtúnbí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àmọ́ ẹnu mi ò dáa. Bí inú bá bí mi ní ṣọ́ọ̀bù, èébú tí mo máa ń bú àwọn ọmọ yìí, bí mo bá rántí ẹ̀ lálẹ́, ojú máa ń tì mí. Mo ti gbààwẹ̀ lé e lórí. Mo ti ṣe ìdáǹdè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ẹ̀mí ìbínú tó ti ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi wá ni. Mo tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ pé mi ò ní bú ẹnikẹ́ni mọ́, ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí mo fi bà á jẹ́. Pásítọ̀ kan ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé ẹni tó bá ń fi agbára ara ẹ̀ tún ìwà ṣe ti padà sábẹ́ òfin. Òmíràn ní tó bá jẹ́ pé mo di àtúnbí lóòótọ́ ni, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ṣé kí n sì fi ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá wa, mo kí yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ìyá bàbá yín kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò sọ pé kò sí ẹ̀mí àìmọ́. Bíbélì tí mo fi ń kọ́ni kún fún ìtàn wọn. Àmọ́ nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń ka ìbínú àti asọ̀ mọ́ ohun tó ń ba ìjọ Gálátíà jẹ́, iṣẹ́ ti ara ló pè wọ́n. Nígbà tó sì kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù pé kí wọ́n mú ìwà kíkorò, ìbínú, ariwo àti ọ̀rọ̀ búburú kúrò láàárín wọn, àwọn tó ń ṣe é gan-an ló bá wí, kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni wá lé ẹ̀mí jáde. Ìdáǹdè tí wọ́n ṣe fún yín gba ẹ̀bi lọ́wọ́ yín, ó sì gbé e ka orí òkú tí kò lè fèsì. Ó ṣeé ṣe kí ara fúyẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ẹnu yín náà lẹ tún gbé dé ṣọ́ọ̀bù.

Ti àwọn pásítọ̀ méjèèjì ló gba àlàyé, nítorí òtítọ́ wà lẹ́nu kálukú wọn, ó kàn jẹ́ pé ìdajì ìdajì ni. Ìjà wọn sì ti pẹ́ láyé ju ìjọ tí kálukú wọn ń darí lọ.

Ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Augustine, tí wọ́n bí ní ọdún 354 ní Thagaste, ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ti di olùkọ́ ńlá ní Milan ní Ítálì, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òtítọ́ ni ìhìn rere. Síbẹ̀ kò lè gbéra. Nínú ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ̀, ó to bó ṣe di ẹrú lẹ́sẹẹsẹ: inú rẹ̀ fẹ́ ohun tí kò yẹ, ìyẹn di ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ó ń sin ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ títí ó fi di bárakú, kò kọ̀ fún bárakú, ló bá di ọ̀ranyàn. Ó ní ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi dè òun, ìfẹ́ inú òun fúnra òun ló rọ ọ́. Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, rì í bọmi lọ́dún Àjíǹde ọdún 387, àwọn oníwàásù sì sábà máa ń gbé ìtàn náà dúró níbẹ̀ kí ìjọ lè pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ìwé náà ò parí síbẹ̀. Ní apá kẹwàá rẹ̀, tó kọ nígbà tó ti di bíṣọ́ọ̀bù, ó yẹ ara rẹ̀ wò lójú gbogbo ayé: oúnjẹ ṣì ń fà á ju bó ṣe yẹ, ìyìn ènìyàn ṣì ń dùn mọ́ ọn, àlá òru ṣì ń gbé ìwà àtijọ́ wá bá a. Bóyá pásítọ̀ kejì yín ì bá ti sọ fún òun náà pé kò tíì di àtúnbí.

Augustine yìí kan náà ló ta ko Pelagius, ọkùnrin olùfọkànsìn kan láti Bìrìtéènì tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní Róòmù pé Ọlọ́run ò lè pàṣẹ ohun tí apá ènìyàn ò ká, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lè pa àṣẹ Rẹ̀ mọ́. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé ní Carthage ní 418 dá ẹ̀kọ́ náà lẹ́bi. Ọ̀dọ̀ Augustine ni pásítọ̀ àkọ́kọ́ yín dúró sí, ó sì tún ní Martin Luther lẹ́yìn, ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ, ẹni tó kọ ọ́ ní 1520 pé iṣẹ́ rere kì í sọ ènìyàn di rere, ènìyàn rere ló ń ṣe iṣẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni, mi ò sì ní fi ẹ̀gàn kàn án. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kékeré yẹn náà, Luther fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà téèyàn ṣì wà nínú ara, ó ní láti fi ààwẹ̀, ìṣọ́ra àti iṣẹ́ kó ara náà níjàánu, kí ó lè máa gbọ́ràn sí ohun tí ìgbàgbọ́ ti bí sínú. Àwọn tó ń fi Luther gba ara wọn sílẹ̀ kì í sábà ka ìwé náà dé ibẹ̀.

Ẹni tó dáhùn ìbéèrè yín gan-an ni Thomas Aquinas, onímọ̀ ìsìn ará Ítálì, tó kú ní 1274. Ó ní ọ̀nà méjì ni ìwà rere ń gbà wọ inú ènìyàn. Ọ̀kan ni èyí tí a fi ṣíṣe léraléra kọ́, tí Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì, ti sọ ọ́ ṣáájú kí wọ́n tó bí Kristi. Èkejì ni èyí tí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ń tú sínú ẹni tó bá padà sọ́dọ̀ Rẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá bi ara rẹ̀ ní ohun tí ẹ̀ ń bi mí: bí Ọlọ́run bá ti tú gbogbo rẹ̀ sínú ẹni tó ronú pìwà dà, kí ló dé tí ìwà náà ṣì ń nira fún un? Èsì rẹ̀ ni pé ìwà náà ti wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tí ìṣe àtijọ́ ti gbìn sí ara ò tíì kúrò, òun ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹni náà lè ṣe rere, ó sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò tíì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sì tíì dùn mọ́ ọn. Ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: ọmọ tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sísọ̀ mú lódì níbòmíràn kó tó wá sọ́dọ̀ yín, ẹ fi hàn án lẹ́ẹ̀kan, ó yé e, síbẹ̀ ó tún di í mú lódì lọ́jọ́ kejì. Òye wà lórí, ọwọ́ ni kò tíì gbọ́.

Nítorí náà, pé ẹnu yín ṣì ń le kò fi hàn pé irọ́ ni àtúnbí yín. Kò sì fi hàn pé kí ẹ káwọ́ gbera. Pọ́ọ̀lù so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan sí àwọn ará Fílípì: ẹ máa ṣiṣẹ́ ìgbàlà yín yọrí pẹ̀lú ìbẹ̀rù àti ìwárìrì, nítorí Ọlọ́run ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú yín. Kò sọ pé ẹ ṣe ìdajì kí Ọlọ́run ṣe ìdajì. Iṣẹ́ Ọlọ́run nínú yín ló mú kí iṣẹ́ tiyín ṣeé ṣe.

Ó wá ku ibi tí iṣẹ́ náà wà. Ibẹ̀ ni mo rò pé ààwẹ̀ yín àti ẹ̀jẹ́ yín ti ṣìnà.

Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, John Darley àti Daniel Batson, gbé àbájáde ìdánwò kan jáde tí mo máa ń kà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ di oníwàásù. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìsìn tó wà ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí kálukú wọn lọ sọ̀rọ̀ ṣókí nínú ilé kejì. Àwọn kan máa sọ̀rọ̀ lórí irú iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìsìn lè ṣe, àwọn yòókù máa sọ̀rọ̀ lórí ará Samáríà rere. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé wọ́n ti pẹ́, pé wọ́n ti ń retí wọn. Wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé àkókò ti tó, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n sì sọ fún àwọn tó kù pé àyè ṣì wà dáadáa. Lójú ọ̀nà, ọkùnrin kan ṣubú sí ẹnu ọ̀nà ilé kan, orí rẹ̀ wálẹ̀, ojú rẹ̀ dì, ó ń wúkọ́, ó ń kérora. Àwọn olùdánwò ló fi í síbẹ̀. Nínú àwọn tí àyè ṣì gbà, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló dúró ràn án lọ́wọ́. Nínú àwọn tí àkókò ti tó fún, ìdá 45. Nínú àwọn tó ń kánjú, ìdá 10 péré. Pé ènìyàn ń lọ sọ̀rọ̀ lórí ará Samáríà rere ò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Ó tó ìgbà mélòó kan tí ẹni tó ń lọ sọ ìtàn náà gbé ẹsẹ̀ ré ọkùnrin náà kọjá.

Ogójì ènìyàn ò pọ̀, mi ò sì ní fi ìdánwò kan sọ pé ìwà ò sí, pé ipò tí ènìyàn bá wà ló ń darí rẹ̀. Àwọn kan ti sọ bẹ́ẹ̀, mo rò pé wọ́n sọ ọ́ kọjá ààlà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú rẹ̀, ó ti pẹ́ jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìwà. Ohun tí ẹ ti ṣètò tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹ ò ṣètò, ló máa fèsì.

Mi ò mọ ṣọ́ọ̀bù yín, àmọ́ mo mọ ọjọ́ Jímọ̀ àwọn télọ̀ ilẹ̀ wa. Òde wà lọ́jọ́ Sátidé. Aṣọ ẹbí olókùú wà nílẹ̀, ti ìyàwó ilé tó ń ṣe ìkómọ wà nílẹ̀, ti ẹni tó mú tirẹ̀ wá ní Ọjọ́rú tó ní ẹ ṣáà bá òun gbé e wọlé wà nílẹ̀. NEPA ti mú iná lọ. Oníbàárà kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ fún un pé ó ku síìpù, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì gé aṣọ náà. Òmíràn pè, ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé e kó ní ẹ ti jáde. Ọmọ náà purọ́ fún yín tán, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé léèsì ju bó ṣe yẹ, léèsì sì jó. Ẹ wá la ẹnu.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń dé ibi èébú, bí mi ò bá ṣìnà. Ìwà àkọ́kọ́ tó bàjẹ́ nínú ìtàn yẹn kì í ṣe sùúrù. Ọjọ́ Ọjọ́rú ló ti bàjẹ́, nígbà tí ẹ gba aṣọ tí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín ò lè ká, nítorí pé owó ń bọ̀, tàbí nítorí pé ẹ ò lè sọ fún oníbàárà pé rárá. Lẹ́yìn náà ni irọ́ tẹ̀ lé e. Ìbínú ló kẹ́yìn, ọmọ iṣẹ́ ló sì kọlù nítorí pé òun nìkan ni kò lè gbé aṣọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Ohun tí àwọn àgbà ìjọ ń sọ ni pé àwọn ìwà rere so mọ́ra: ìgboyà, òdodo, ìkóra-ẹni-níjàánu, àti ọgbọ́n tó ń darí àwọn yòókù. Ẹ ò lè ní sùúrù lọ́jọ́ Jímọ̀ bí ẹ ò bá ní òdodo lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sùúrù nìkan lẹ̀ ń gbààwẹ̀ fún.

Nítorí náà, kí n má tiẹ̀ fi ṣe àbá: ẹ ra ìwé kan, ẹ kọ iye aṣọ tí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín lè rán lọ́sẹ̀ kan bí kò bá sí iná fún ọjọ́ méjì, kí ẹ má gbà ju ìyẹn lọ. Owó tó bá lọ, ó lọ. Àdánù yẹn ni ààwẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ń béèrè. Ẹ sì jáwọ́ nínú “ó ku síìpù”. Ẹ kọ́ ẹnu yín láti sọ pé, “Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ yín.” Á nira bí nǹkan míì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ lè ní bóyá tí ẹ bá rí ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n ju àwọn wọ̀nyí lọ, ìbínú á dínkù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Cassian ti bá yín dáhùn ìyẹn. Ó gbé láàárín àwọn ẹni mímọ́ tó ń dá gbé ní aṣálẹ̀ Íjíbítì kó tó lọ dá ilé ìsìn sílẹ̀ ní Marseille, ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọdún 415. Àwọn kan nínú wọn máa ń rò pé ènìyàn ló ń bí àwọn nínú, pé bí àwọn bá ti dá wà, àwọn á di onísùúrù. Cassian ní nígbà tí òun wà ní aṣálẹ̀, inú máa ń bí òun sí gègé ìkọ̀wé nítorí pé ó tínrín jù tàbí ó nípọn jù, ó ń bí òun sí ọ̀bẹ tí kò mú, ó ń bí òun sí òkúta ìṣáná tí kò tètè ta iná, tí òun á sì gbé òkúta lásán ṣépè. Kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ó ní sùúrù kì í wá láti inú pé kò sẹ́ni tó ń ṣẹ̀ wá. Àárín àwọn tó ń ṣẹ̀ wá la ti ń kọ́ ọ.

Fún ẹnu fúnra rẹ̀, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ yá lọ́wọ́ àwọn Kátólíìkì, bí ìjọ yín ò bá tiẹ̀ fẹ́ràn wọn. Ignatius ti Loyola, jagunjagun ará Sípéènì tí ìbọn ńlá fọ́ lẹ́sẹ̀ ní Pamplona ní 1521, kọ ìwé kan nípa ìdánrawò ọkàn, èyí tí Póòpù fọwọ́ sí ní 1548. Nínú rẹ̀, ó ní kí ènìyàn mú àṣìṣe kan ṣoṣo, kì í ṣe mẹ́wàá. Láàárọ̀, bó bá ti jí, kó pinnu lòdì sí i. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kó wo wákàtí kọ̀ọ̀kan tó kọjá, kó fi àmì kékeré sórí ìlà kan nínú ìwé fún iye ìgbà tó ṣubú. Lálẹ́, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìlà kejì. Kó fi ìlà òní wé ti àná, kó fi ọ̀sẹ̀ yìí wé èyí tó kọjá. Bó bá sì ṣubú láàárín ọ̀sán, kó gbé ọwọ́ lé àyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó kẹ́dùn níwájú Ọlọ́run. Ó ní èyí ṣeé ṣe láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ẹ wò ó bó ṣe yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ́ tí ẹ jẹ́. Ẹ̀jẹ́ yẹn sọ pé láéláé. Ó fún yín ní ìlérí tó tóbi jù, ó sì fi yín sílẹ̀ láìsí ohun kan pàtó tí ẹ máa ṣe ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìwé tí ẹ fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà, ẹ yọ ojú ewé ẹ̀yìn rẹ̀ fún Olúwa. Bí ẹ bá bú wọn nígbà mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, ẹ kọ mẹ́sàn-án, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́. Bó bá di méje lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì tọrọ oore-ọ̀fẹ́ fún èyí tó kù. Àdúrà yín á wá ní ohun tó ń nawọ́ sí. Dípò “Olúwa, mú ìbínú kúrò,” ẹ ó máa sọ pé, “Olúwa, ìyàwó yẹn ń bọ̀ lónìí láti gba aṣọ tí mi ò tíì parí, fún mi ní ìgboyà láti sọ òótọ́.”

Ẹ má dá a ṣe. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé a ti sọ ohun rere kan nù lábẹ́ imú ara wa. Ní February ọdún 1742, àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley, oníwàásù tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá bí wọ́n ṣe máa san gbèsè ilé ìjọsìn wọn. Ẹnì kan dábàá pé kí kálukú máa mú kọ́bọ̀ kan wá lọ́sẹ̀, kí wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjìlá, kí olórí kọ̀ọ̀kan máa lọ sílé àwọn tirẹ̀ gba owó náà. Bí àwọn olórí ṣe ń wọlé kiri nítorí owó, wọ́n rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè rí nínú ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi: ọ̀nà tí àwọn ará ń gbé nínú ilé wọn, àti pé ohun tí àwọn míì ń fi ẹnu wí, ọwọ́ wọn ò ṣe é. Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Nínú òfin tó kọ ní 1743, ó ní kí olórí rí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kó bi í bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń ṣe sí, kó gbà á nímọ̀ràn, kó bá a wí, kó tù ú nínú.

Ìyẹn ni kíláàsì tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ń bá lọ láti ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, tí àwọn ìjọ míì nílẹ̀ wa náà sì mú lò. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, gbèsè ló ṣẹ́kù, ọkàn ti lọ. Olórí kíláàsì ń gba owó, ó ń kọ ọ́ sí káàdì, ó ń kéde ẹni tó jẹ gbèsè nígbà ìsìnkú. Mélòó nínú wọn ló máa ń béèrè bí ẹnu yín ṣe ṣe lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ wá obìnrin kan tó dàgbà jù yín lọ, tí kì í sọ̀rọ̀ ẹni kiri, tí kì í sì í bẹ̀rù yín. Ẹ máa gbé ìwé yẹn lọ fún un lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí òun náà bá jẹ́ oníṣòwò, ó dára jù, nítorí kò ní gbà kí ẹ fi “ọjà ò lọ” ṣe àwáwí.

Ẹnì kan á bi mí pé ṣé ẹgbẹ́ ò lè jọ ṣìnà ni. Wọ́n lè jọ ṣìnà, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. John Newton, tó wá di àlùfáà àti òǹkọ̀wé orin ìsìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ké pe Ọlọ́run nínú ìjì lórí òkun ní March 1748. Ọjọ́ yẹn ló ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìyípadà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá ọkọ̀ tó ń kó ẹrú láti etíkun Áfíríkà, ó sì ń darí àdúrà fún àwọn atukọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi nígbà tí àwọn ẹrú wà nínú ẹ̀wọ̀n nísàlẹ̀ ọkọ̀. Àìsàn ló mú kó fi òkun sílẹ̀ ní 1754. Ọdún 1788 kó tó kọ ìwé ní gbangba tako òwò náà, tó sì sọ pé ìtìjú ni ipa tí òun kó nínú rẹ̀ jẹ́ fún òun. Ogójì ọdún láti ọjọ́ ìjì yẹn. Ó ń gbàdúrà ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń yẹ ọkàn rẹ̀ wò, àmọ́ ó jọ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ń rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó yí i ká ló ń jẹ nínú òwò náà tàbí tí wọ́n gbà pé kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Ó kàn yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń sọ pé ọmọ tí a kò bá nà, kò ní gbọ́n. Gbogbo ọjà Òṣogbo á bá yín gbè pé ọ̀gá tó ń bú ọmọ iṣẹ́ ló ń tọ́ ọ. Lójú wọn, ẹ ò tiẹ̀ ní ìṣòro kankan. Ohun tí ẹ ò lè gbọ́ lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ yín, ẹnu àwọn ọmọ yẹn lẹ ti máa gbọ́ ọ. Ẹ ti sunkún fún Ọlọ́run lórí wọn lóru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ǹjẹ́ ọ̀kan nínú wọn ti gbọ́ “má bínú” lẹ́nu yín rí?

Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Àgbà kì í fẹ́ bẹ ọmọdé, ẹ̀rù á máa bà yín pé wọn ò ní bọ̀wọ̀ fún yín mọ́. Àmọ́ Jésù ní ẹni tó bá rántí níwájú pẹpẹ pé arákùnrin rẹ̀ ní ohun kan sí òun, kó fi ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kó lọ bá a làjà ná. Kò sọ pé bí arákùnrin náà bá jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Òbí àwọn ọmọ yìí sanwó kí ẹ kọ́ wọn ní iṣẹ́, èébú ò sí nínú àdéhùn. Nígbà tí wọ́n bá sì gba òmìnira, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, ẹnu yín á bá wọn lọ pẹ̀lú ọwọ́ iṣẹ́ yín. Ẹ pè wọ́n jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má sọ pé ẹ̀yin náà lẹ máa ń bí mi nínú. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ bẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì sọ fún wọn pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ ó bẹ ẹni tí ẹ bú lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù níbi tí ẹ ti bú u. Owó ìtanràn yìí wọ́n ju ti àmì tí ẹ̀ ń fi sínú ìwé yẹn lọ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣiṣẹ́.

Ohun kékeré kan: bí ìbínú yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sí i láìpẹ́ yìí, bí oorun ò bá sí, bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ló jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà, onígbàgbọ́ tó bá gba oògùn ò ṣẹ̀.

Ti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi: ẹ má fi í sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ nítorí ìtìjú, ẹ má sì máa bá a lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ lọ bá alábòójútó, ẹ sọ fún un ní ṣókí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí àti ohun tí ẹ ń ṣe sí i, kí òun pinnu. Bí ó bá ní kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ máa bá a lọ. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, tàbí àbúrò rẹ̀, bá wà nínú kíláàsì tí ẹ̀ ń kọ́, kí ẹlòmíì máa kọ́ kíláàsì yẹn títí ẹ ó fi bẹ ọmọ náà.